Àpótí Gíláàsì Lórí Tábìlì Ìyá Àlòkù

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó gun òkè, Ojú-Àṣá á ti dé pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé àtijọ́. Ilé ìtẹ̀wé náà ti kógbá sílé tipẹ́, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n pápá rẹ̀ kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta àlòkù ń tẹ́ tábìlì sí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí o bá ń wá aago ògiri tí kò dún mọ́, rédíò onípákó, ìwé tí eku ti jẹ etí rẹ̀, tàbí ìdì kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí rí, pápá yẹn ni kí o gbà lọ.

Ojú-Àṣá kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́jà ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé ó lè dúró lójú ọ̀nà kó sì tọ́ka ṣíbí fàdákà kan ṣoṣo láàárín igba ṣíbí irin. Ohun tó bá rà níbẹ̀, á gbé e lọ sílé, á nù ún, á tún un ṣe, á sì tà á fún àwọn tó fẹ́ràn nǹkan ayé àtijọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi ń jí wá síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé yàtọ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló sì mọ̀ ọ́n.

Onífọ́tò ni bàbá wọn. Kámẹ́rà onípákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń lò, irú èyí tí onífọ́tò ń ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú kó tó yàwòrán. Orí gíláàsì pẹlẹbẹ ni àwòrán máa ń kọ́kọ́ dúró sí, kó tó wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sórí fíìmù tipẹ́. Ó ní eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe, òun kò kúrò nídìí gíláàsì òun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ya ìyàwó gbogbo àdúgbò, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ya ìyàwó tirẹ̀. Obìnrin náà jókòó sórí àga, ó gbé àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, lé itan, oyún èkejì sì wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Ọkọ rẹ̀ fi ìbànújẹ́ fa àwòrán orí pépà náà ya sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní, “Gíláàsì rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí ọkàn mi bá gbà á, n óò tẹ òmíràn.” Ọkàn rẹ̀ kò gbà á títí òun náà fi lọ.

Ọdún tí bàbá lọ yẹn, Ojú-Àṣá ń múra ìdánwò àṣekágbá ní yunifásítì. Onílé tó ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní òun fẹ́ gba yàrá òun. Ọmọkùnrin náà wá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó fi wàràwàrà kó gbogbo nǹkan jáde, ó gbé kámẹ́rà lé èjìká nítorí pé ó rẹwà, ó sì ta ìyókù fún ẹnìkan tó ń fi ọmọlanke ra ẹrù ilé. Àpótí ìṣó, gbé e lọ. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, gbé e lọ. Àpótí gíláàsì, gbé e lọ. Lẹ́yìn oṣù kan ni ẹ̀gbọ́n màmá wọn, ẹni tó tọ́ wọn dàgbà, béèrè lọ́wọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń mu tíì:

“Ẹ ṣáà ti mú gíláàsì màmá yín kúrò kí ẹ tó ta ẹrù bàbá yín?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

“Gíláàsì wo, mà?”

Ìgbà náà ni ìyá àgbà náà sọ ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣì í mọ̀. Ó ní Ojú-Àṣá kò jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ náà, bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣí ojú kámẹ́rà ni ọmọ náà yí orí kúrò, ni àwòrán bá gbé e jáde ní olórí méjì. “Bàbá yín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní òun bí ìbejì sórí ọrùn kan.”

Ojú-Àṣá kò rẹ́rìn-ín. Ó rántí ìwúwo àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà títí di Sátidé tí mò ń sọ yìí, ọdún mẹ́sàn-án ni. Àbúrò rẹ̀ kò rí ojú màmá rẹ̀ rí, kódà lójú àlá, nítorí pé kò mọ ojú tí ì bá fi sí i. Ẹ̀gbọ́n náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ: ohun tó rántí kò ju ọwọ́ tútù kan níwájú orí rẹ̀ nígbà tí ibà ń ṣe é. Nítorí náà ló ṣe sọ ara rẹ̀ di ọmọ ọjà àlòkù. Ó rò ó bí ẹni ń ro àlọ́: ẹni tó ra ẹrù yóò tà á, ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ yóò tún un tà, ẹrù tí kò bá sì fọ́ kò níbi tí yóò gbà tí kò ní kọjá ní pápá yìí lọ́jọ́ kan.

Ẹni tó kọ́ ọ ní ìwà ọjà ni Bàbá Aago, àgbàlagbà kan tó ń tún aago ṣe lẹ́nu géètì. Òfin rẹ̀ kò pọ̀.

“Bí aago lo bá fẹ́,” bàbá náà á wí, “ọ̀dọ̀ àwo ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bó o bá wá dé ọ̀dọ̀ aago, bú u. Bú u dáadáa! Bó o bá bú u tán, yáa bá tìẹ lọ. Tó bá di Sátidé kejì, ẹni tó ni ín ló máa pè ọ́.”

Ojú-Àṣá gba ẹ̀kọ́ ju olùkọ́ lọ. Ó bú àga kan lọ́jọ́ kan débi pé ẹni tó ń tà á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rú òfin náà, lọ́dún tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: ó kúrò nídìí rédíò kan, ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ó padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọlọ́jà wo ojú rẹ̀, ó wo rédíò, ó fa rédíò sẹ́yìn. “Ó dà bí ẹni pé nǹkan yìí níye lórí o. Jẹ́ n lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n.” Wọn kò fojú kan rédíò náà mọ́.

Ní Sátidé yìí, tábìlì Ìyá Àlòkù ló kọ́kọ́ yà sí. Obìnrin náà lóhùn bí agogo ilé ìwé. Ilé tí àwọn èèyàn bá ń kó kúrò ló máa ń lọ ra ẹrù níbẹ̀.

“Ojú-Àṣá! Wá ṣí ọjà fún mi jàre. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ pa nǹkan mi lórí bí ọmọ ọwọ́, kò sẹ́ni tó gbé ọ̀kan.”

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ọjà.”

“Ọjà dà? Ọjà ni mo tẹ́ síbí ni, àbí ara mi ni mo tẹ́?”

Ó mú ìkòkò tíì kan tí kò ní ìdérí, ó ń béèrè pé ta ló gbé ìdérí rẹ̀ lọ. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí àpótí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì obìnrin náà. Gíláàsì pẹlẹbẹ ló kún inú rẹ̀, wọ́n dúró ti ara wọn bí ìwé lórí pẹpẹ. Ó kọ́kọ́ ná ìkòkò tíì náà tán, ó san owó rẹ̀, kó tó wá fi ìka méjì fa gíláàsì kan jáde bí ẹni fa ewé tó bọ́ sínú omi. Ọkùnrin kan tó dì mọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Ó fa èkejì: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlà. Ó fa ẹ̀kẹta, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Nínú gíláàsì, ohun gbogbo ló yí padà, dúdú di funfun, funfun di dúdú: irun funfun, eyín dúdú, aṣọ funfun di dúdú bí èédú. Obìnrin kan jókòó sórí àga. Ọmọ kan wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ náà ní orí méjì.

Ojú-Àṣá ka orí náà. Ó tún un kà. Lẹ́yìn obìnrin náà ni aṣọ ńlá tó máa ń wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ọ̀dà ya àtẹ̀gùn sí fúnra rẹ̀. Ó ka àtẹ̀gùn náà, méje ni, ìkeje sì wọ́, èyí tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé òun á tún ṣe lọ́la. Kò sí iyèméjì. Àlọ́ ọdún mẹ́sàn-án ti já. Ó dá gíláàsì náà padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kíá, kí obìnrin yẹn má baà fura. Ó fẹ́ kígbe. Ṣùgbọ́n ẹnu tí èèyàn bá ti fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ní iṣẹ́ kan kì í dúró gba àṣẹ.

“Ìyá, irú pàǹtírí wo rèé?”

“Wọ́n ní àwòrán ni. Ilé bàbá kan tó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ni mo ti rí i. Ó ti pẹ́ gan-an o.”

“Gbogbo nǹkan tó bá jẹrà ló ti pẹ́. Ẹ wò ó, dúdú bí ìdí ìkòkò! Ta ló fẹ́ gbé òkú ẹni tí kò mọ̀ sílé?”

“Mú owó wá, kó o gbé e.” Ó dárúkọ iye kan. Kò tó ohun tí Ojú-Àṣá fi ń ra tíì lóṣù. Owó náà wà lápò rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń kàn án.

“Lórí kí ni? Gíláàsì lásán ló wúlò níbẹ̀, oníférémù nìkan ló sì máa rí i lò, ìyẹn tí ẹ bá rí ẹni fọ ìdọ̀tí ara ẹ̀ dànù.”

“Ṣé ó ṣeé fọ̀ ni?”

Níbí ló yẹ kó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ nǹkan, tí wọ́n sì bi í ní nǹkan tó mọ̀, àfi kó sọ ọ́.

“Omi gbígbóná àti sódà ìfọṣọ ni. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí kan, gbogbo dúdú yẹn á ṣí kúrò bí èèpo tòmátò.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ yunifásítì!” Ìyá Àlòkù pàtẹ́wọ́. “Orí ẹ pé.”

Ojú-Àṣá rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìkòkò tíì rẹ̀ há abíyá, ó ń lọ. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yí padà, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Rédíò àtijọ́ yẹn ló wá sí i lọ́kàn. Bí òun bá padà báyìí, obìnrin yẹn á fura. Bó bá fura, á gbé àpótí pamọ́. Bó bá gbé e pamọ́, ó parí. Ọ̀sẹ̀ kan kò pọ̀ lójú ẹni tó ti dúró fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ìṣirò náà gún régé. Ó lọ sílé.

Àbúrò rẹ̀, aránṣọ, wà nídìí ẹ̀rọ nínú yàrá iwájú, ó ń ran aṣọ fèrèsé ẹnìkan, aṣọ náà sì kún ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà.

“Mo rí i,” ni Ojú-Àṣá wí.

Ẹ̀rọ dákẹ́. “Ẹ rí kí ni?”

“Olórí méjì. Àtẹ̀gùn méje. Gbogbo ẹ̀ pé.”

Ọmọbìnrin náà dìde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó yọ ọ́, ó nawọ́. “Ẹ gbé e fún mi.”

“Ó ṣì wà lọ́jà. Sátidé tó ń bọ̀ ni n óò—”

“Ẹ fi màmá wa sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ wá sílé?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé òfin Bàbá Aago, ó ṣàlàyé rédíò, ó ṣàlàyé bí ọlọ́jà ṣe ń rorí. Àbúrò rẹ̀ ń wò ó bí ẹni wo aṣọ tí wọ́n gé ṣì.

“Bọ̀ọ̀dá, ìkòkò tíì yẹn ńkọ́? Ẹ ò kúkú fi tiẹ̀ sílẹ̀ di Sátidé.”

Ọmọbìnrin náà fa ìborùn rẹ̀, ó jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Eré ni wọ́n sá dé pápá, ṣùgbọ́n ọ̀sán ti pọ́n, àwọn ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́. Bàbá Aago nìkan ló ṣẹ́ kù, ó ń ká aṣọ tábìlì rẹ̀.

“Ilé Ìyá Àlòkù? Ta ló mọ̀ ọ́n? Ilé táwọn èèyàn bá ti ń kó jáde ni kẹ́ ẹ wá a lọ.”

“Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?” ni ọmọbìnrin náà béèrè.

Bàbá Aago wo Ojú-Àṣá. Òun náà ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá gba nọ́ńbà ọlọ́jà ti fi inú rẹ̀ hàn án. Nítorí náà, kò sẹ́nikẹ́ni nínú wọn tó ní in. Ó tẹjú mọ́ aago ọwọ́ kan tí kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Ní Mọ́ńdè àti Túsìdeè, Ojú-Àṣá ń ti òpópónà kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà tí ẹrù bá ti ń jáde. Àwọn tó ń kó ilé rò pé olè ni. Nílé, àbúrò rẹ̀ ń dá a lóhùn ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tó bá béèrè, kò lé, kò dín. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Fúráìdeè ó tún yàrá ṣe, ó ṣí ibìkan sílẹ̀ lórí ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì kan ìṣó kan síbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, àwọn méjèèjì jọ lọ ni. Ìyá Àlòkù ti rí wọn lókèèrè.

“Ojú-Àṣá! Ọlọ́run á jẹ́ kó o pẹ́ fún mi! Ta lẹni rere yìí? Ìyàwó wa ni?”

“Àbúrò mi ni, mà.”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ gbọ́n o, jẹ́ n sọ fún ẹ. Ọgbọ́n tó fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ju owó lọ.” Ó tẹ̀ sí abẹ́ tábìlì. “Mo ṣe é bó ṣe wí gẹ́lẹ́. Omi gbígbóná, sódà. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán ọ̀kan wò. Yéè! Ó ṣí bí èèpo tòmátò lóòótọ́! Mo bá da gbogbo ẹ̀ sínú bàsíà. Àná ni oníférémù wá kó wọn, tó ní òun ò rí gíláàsì tó mọ́ tó báyìí rí. Mo ní rárá o, gbogbo ẹ̀ kò ní tán lọ kí n má mú méjì sílẹ̀ fún ọmọ tó là mí lójú.”

Ó fi ìwé ìròyìn wé méjèèjì. Ó ṣí etí ìwé náà kí wọ́n lè rí i. Gíláàsì mọ́ gaara. Ìka ọwọ́ rẹ̀ hàn kedere láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ojú-Àṣá kò lè na ọwọ́. Àbúrò rẹ̀ ló gbà á.

“Mà,” ọmọbìnrin náà béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “obìnrin kan wà nínú wọn, tó gbé ọmọ olórí méjì. Ṣé ẹ rí i?”

“Àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀, ọmọ mi. N ò wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣáà ní ìdọ̀tí ni.” Ó wo ojú ọ̀kan, ó wo ojú èkejì, ẹ̀rín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. “Ṣé kò sí o? Ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni?”

“Ẹ̀yin kọ́, mà,” ni Ojú-Àṣá dáhùn.

“Ẹ ṣeun, mà,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Ọjà á tà.”

Wọ́n rìn títí wọ́n fi kọjá ilé ìtẹ̀wé. Ojú-Àṣá ń retí èébú. Ó ti ṣètò ọkàn rẹ̀ fún un, ì bá tiẹ̀ dùn mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń sọdá, àbúrò rẹ̀ dúró.

“Nínú àwa méjèèjì, ẹ̀yin nìkan lẹ rí i,” ó ní. “Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi.”

“Orí àga ló jókòó sí. Àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn ẹ̀—”

“Ojú ẹ̀ ni mò ń béèrè.”

Ojú-Àṣá dijú, ó wá a. Orí ọmọ náà wá, àkọ́kọ́ àti èkejì, ó rí ibi tí èkíní ti wọnú èkejì. Àtẹ̀gùn méjèèje wá. Gbogbo ohun tó fi mọ̀ pé òun ni ló wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́. Ojú obìnrin náà kò wá. Ẹ̀rí ló ń kà lọ́jọ́ náà, ó sì ti yára dá gíláàsì padà kí ọlọ́jà má baà fura.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó rọrùn, tó dùn, tí ẹnikẹ́ni kò lè já ní koro láé: *O jọ ọ́. O jọ ọ́ bí imú ṣe jọ imú.* Ó ti la ẹnu.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́ fún mi, Bọ̀ọ̀dá.”

Ó pa ẹnu dé.

“N kò wo ojú ẹ̀,” ó wí níkẹyìn. “Orí mi méjèèjì ni mò ń wò.”

Àbúrò rẹ̀ mí kanlẹ̀. “Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ tẹ́ ẹ rí?”

“Ọwọ́ ẹ̀. Mo rí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. Ó fi ọ̀kan di èmi mú, ó gbé èkejì lé ikùn.”

“Ikùn ta ni?”

“Ikùn ara ẹ̀. Lórí rẹ.”

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọn. “Ẹ fi hàn mí.”

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, níwájú àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, Ojú-Àṣá gbé ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀. Ó ya ìka sílẹ̀ díẹ̀, ó sún un sísàlẹ̀, ó tún un sún sókè. Obìnrin kan tó gbé àpò wò ó, ó gbójú kúrò. Àbúrò rẹ̀ tẹjú mọ́ ọwọ́ náà bí ẹni ń ka lẹ́tà.

“Ṣé bó ṣe rí gan-an nìyẹn,” ó béèrè, “àbí ẹ ti ń fi kún un?”

Ojú-Àṣá wo ọwọ́ rẹ̀.

“N kò mọ̀ mọ́,” ó wí.